Bí A Ṣe Ń Ka Lébẹ́ẹ̀lì Ara Aṣọ Kí A Tó Fọ̀ Ọ́, Kí A sì Tó Lọ̀ Ọ́

Súẹ́tà tí ó bá àgbàlagbà mu lánàá di ti ọmọdé lẹ́yìn ìfọ̀ kan ṣoṣo. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun mu àwọ̀ lára ṣòkòtò jíǹsì tí wọ́n jọ rẹ sínú ike kan náà. Búláùsì tuntun lẹ̀ mọ́ ojú áyọ́ọ̀nù, ihò sì yọ láyà rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú ọ̀ràn báyìí, ìkìlọ̀ ti wà lára aṣọ láti ilé-iṣẹ́ tí ó rán an, lórí ìrépé funfun kékeré tí a ń pè ní lébẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fọ aṣọ náà kò kà á, tàbí kí ó kà á kí àmì orí rẹ̀ má yé e, tàbí kí ó ti gé e sọnù nítorí pé ó ń yún un lọ́rùn. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ń fi ọwọ́ fọ aṣọ àti ẹni tí ń lo ẹ̀rọ, yálà aṣọ tuntun ni tàbí òkìríkà.

Òfin kan ni kí ẹ mú dání, nítorí òun ni yóò máa darí wa ní gbogbo ìgbésẹ̀: ohun tí lébẹ́ẹ̀lì kọ ni òpin ohun tí aṣọ lè fara dà. Bí ó bá kọ 40, omi tí kò gbóná tó bẹ́ẹ̀ kò ní pa aṣọ náà lára. Èyí tí ó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó lè bà á jẹ́. Kò sí ìdí láti máa gbé omi kaná nítorí pé ẹ rí nọ́ńbà lórí lébẹ́ẹ̀lì, bí ìdọ̀tí ara aṣọ náà kò bá le.

Ohun tí ẹ ó nílò

- Ìmọ́lẹ̀ tí ó dára, pẹ̀lú fóònù tí ó ní kámẹ́rà.
- Ike ìfọṣọ méjì, àti abọ́ kan tí ẹ ó máa fi wọn omi.
- Àkísà funfun tí ó mọ́.
- Áyọ́ọ̀nù tí ooru rẹ̀ ṣeé dín kù tàbí fi kún.
- Fún aṣọ tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì: àbẹ́là, ìṣáná, àwo tí omi wà nínú rẹ̀, ríbọ́ọ̀nù òwú funfun, abẹ́rẹ́ àti òwú, àti máákà tí omi kì í fọ̀ kúrò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wá lébẹ́ẹ̀lì tí ó tọ́

Aṣọ kan lè ní lébẹ́ẹ̀lì méjì tàbí mẹ́ta. Èyí tí ó wà lẹ́yìn ọrùn sábà máa ń jẹ́ ti orúkọ ilé-iṣẹ́ àti ìwọ̀n aṣọ. Òun ni ojú kọ́kọ́ ń lọ sí, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń dúró sí. Èyí tí a ń wá sábà máa ń fara pamọ́. Lára ṣẹ́ẹ̀tì, búláùsì àti gáùn, ẹ yí inú aṣọ síta kí ẹ wo ojú ìrán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pàápàá ti òsì, ní apá ìsàlẹ̀. Ti ṣòkòtò àti síkẹ́ẹ̀tì máa ń wà níbi ìgbànú lẹ́yìn, ti kóòtù sì máa ń wà nínú àpò inú tàbí lára ìtẹ́nú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ bá ti ṣí, ẹ tan iná fóònù láti ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ láti iwájú, kí ẹ wá fẹ fọ́tò náà lójú. Èyí máa ń gbé lẹ́tà tí ojú lásán kò rí jáde, ó sì wúlò gan-an fún òkìríkà tí àwọn ẹlòmíràn ti fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó dé ọjà Kàtàǹgówà ní Èkó.

Ìkìlọ̀: bí lébẹ́ẹ̀lì bá ń yún yín lára, ẹ má fi àlùmágàjí gé e nídìí, nítorí àgékù tí ó bá ṣẹ́kù yóò máa gún ara ju bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ya fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì náà pọ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀, kí ẹ tú òwú tí wọ́n fi rán an ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ṣọ́ra kí ẹ má tú ojú ìrán aṣọ gan-an mọ́ ọn.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tọ́: ohun tí aṣọ náà jẹ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí kí àwọn àmì ìtọ́jú wà níbẹ̀. Bí orúkọ àti ìwọ̀n nìkan ni ẹ rí, ẹ ṣì ní láti wá sí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ohun tí wọ́n fi hun aṣọ náà

Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tí wọ́n ṣe ní ọdún 2011 fi dandan lé e pé kí a kọ ohun tí wọ́n fi hun aṣọ sí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi dandan lé àmì ìtọ́jú. Ní Amẹ́ríkà, dandan ni méjèèjì. Nítorí náà ẹ lè rí aṣọ tí ó ti Yúróòpù wá tí kò kọ nǹkan kan ju «100% coton» lọ, ìmọ̀ yín nípa òwú ni ẹ ó sì fi fọ̀ ọ́. Orúkọ òwú ni cotton lédè Gẹ̀ẹ́sì, coton ní Faransé, algodón ní Sípéènì, algodão ní Potogí àti Baumwolle ní Jámánì. Irun àgùntàn ni wool, laine, lana, lã tàbí Wolle. Sílíkì ni silk, soie, seda tàbí Seide.

Òwú fara da ooru àti gígún, ṣùgbọ́n ó lè súnkì ní ìfọ̀ àkọ́kọ́. Irun àgùntàn ni ó ṣòro jù lọ láti tọ́jú: bí omi gbígbóná àti gígún bá pàdé lára rẹ̀, irun inú rẹ̀ yóò so mọ́ ara wọn, aṣọ yóò sì le, yóò kéré, kò sì ní padà sí bí ó ti wà mọ́. Viscose, tí àwọn kan ń pè ní rayon, dára lára nígbà tí ó bá gbẹ, ṣùgbọ́n kò lágbára rárá nígbà tí ó bá tutù, nítorí náà ẹ má lọ́ ọ fún. Pólíẹ́sítà kì í tètè gbó, ó sì máa ń tètè gbẹ, áyọ́ọ̀nù gbígbóná nìkan ni ọ̀tá rẹ̀, nítorí yíyọ́ ni ó ń yọ́. Elastane ni ohun tí ń mú kí aṣọ fà. Bí ó ti wù kí ó kéré tó, ooru àti blíìṣì ni ó ń pa á, ṣòkòtò yóò sì di gbẹ̀ǹdẹ̀kù lórúnkún.

Ibi tí ènìyàn ti ń ṣìnà jù ni aṣọ àpapọ̀. Bí lébẹ́ẹ̀lì bá kọ òwú 60, pólíẹ́sítà 40, ọ̀pọ̀ ń wo èyí tí ó pọ̀ jù, wọ́n a sì gbé áyọ́ọ̀nù sí ooru ti òwú. Èyí tí ó jẹ́ aláìlágbára jù ni kí ẹ máa tẹ̀lé, kì í ṣe èyí tí ó pọ̀ jù. Ẹ tún wò ó bóyá ìtẹ́nú kóòtù tàbí gáùn ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, nítorí ojú aṣọ lè jẹ́ irun àgùntàn kí inú rẹ̀ jẹ́ viscose.

Nọ́ńbà kan tún wà tí ó máa ń da àwọn olùra òkìríkà láàmú, tí RN ṣáájú rẹ̀. Kì í ṣe ìwọ̀n aṣọ. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ilé-iṣẹ́ ni, lọ́dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tọ́: ẹ gbọ́dọ̀ lè dárúkọ ohun kan nínú aṣọ náà tí ó jẹ́ aláìlágbára jù lọ. Bí ẹ kò bá lè dárúkọ rẹ̀, ẹ má tíì gbé omi.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Àmì ọpọ́n omi

Àmì márùn-ún ni ó sábà máa ń wà, wọ́n sì máa ń tò wọ́n báyìí: ọpọ́n omi fún ìfọ̀, onígun mẹ́ta fún blíìṣì, onígun mẹ́rin fún gbígbẹ, áyọ́ọ̀nù fún lílọ̀, àti òbìrìkìtì fún iṣẹ́ alágbàfọ̀. Èyíkéyìí tí wọ́n bá fa ìlà méjì dábùú ara wọn lé lórí ń sọ pé kí ẹ má ṣe é rárá.

Nọ́ńbà inú ọpọ́n ni ìwọ̀n ooru omi tí aṣọ lè gbà, lórí òṣùwọ̀n Celsius: 30, 40, 60, títí dé 95. Lára aṣọ Amẹ́ríkà, ẹ lè rí àmì tótó dípò nọ́ńbà: ọ̀kan jẹ́ 30, méjì jẹ́ 40, mẹ́ta jẹ́ 50, mẹ́rin sì jẹ́ 60. Wọ́n tún lè kọ ọ̀rọ̀ nìkan, tí «cold» túmọ̀ sí omi tí kò ju 30 lọ, tí «warm» sì jẹ́ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ní àyíká 40. Ọwọ́ tí a ki bọ inú ọpọ́n ń sọ pé ọwọ́ nìkan ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, omi rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 40 lọ. Àmọ́ bí kò bá sí ọwọ́ níbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ẹ kò lè fi ọwọ́ fọ̀ ọ́.

Ìlà gbọọrọ tí ó wà lábẹ́ ọpọ́n ni àwọn tí kò ní ẹ̀rọ sábà máa ń fojú fò, wọ́n rò pé ti ẹ̀rọ nìkan ni. Ìlà kan ń sọ pé kí agbára ìfọ̀ dín kù, méjì ń sọ pé kí ó dín kù gidigidi. Fún ẹni tí ń fi ọwọ́ fọ̀, mo gbà pé bí ó ṣe yẹ kí a kà á nìyí: bí kò bá sí ìlà, ẹ lè gún un kí ẹ sì fún un dáadáa, bí ìlà bá jẹ́ kan, ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láìfi bọ́rọ́ọ̀ṣì kàn án, bí ó bá jẹ́ méjì, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú omi ọlọ́ṣẹ kí ẹ sì gbé e sókè, kí ẹ má lọ́ ọ, kí ẹ sì fi táwẹ́ẹ̀lì gbígbẹ ká a láti fa omi ara rẹ̀.

Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n ooru, ẹ fi abọ́ kan náà wọn omi. Ní ilẹ̀ Yorùbá, omi ẹ̀rọ tàbí ti kànga sábà máa ń wà ní nǹkan bí 28, èyí tí ó túmọ̀ sí pé aṣọ tí ó kọ 30 kò nílò iná rárá. Láti rí nǹkan bí 40, ẹ da abọ́ omi híhó kan mọ́ abọ́ omi tútù márùn-ún. Láti rí nǹkan bí 60, ẹ da abọ́ omi híhó mẹ́rin mọ́ abọ́ omi tútù márùn-ún. Fún àwọn tí ó wà ní London tàbí ní Chicago nígbà òtútù, omi ẹ̀rọ tutù ju èyí lọ púpọ̀, nítorí náà ìṣirò yìí kò bá tiwọn mu.

Ìkìlọ̀ méjì. Ẹ po omi náà tán kí aṣọ tó wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá da omi híhó lé aṣọ tí ó ti wà nínú ike ti fi ọgọ́rùn-ún lu apá kan aṣọ náà. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ má jẹ́ kí omi tí ẹ ó fi ṣan súẹ́tà yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tí ẹ fi fọ̀ ọ́, nítorí ìyípadà òjijì máa ń kún ìsúnkì irun àgùntàn.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tọ́: ara ènìyàn wà ní nǹkan bí 37. Bí ẹ bá fi ìgbọ̀nwọ́ kan omi 40, ẹ ó mọ̀ pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ta yín. Omi 60 yóò jó yín, igi ni kí ẹ fi rò ó, kí ẹ sì lé àwọn ọmọdé jìnnà sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Onígun mẹ́ta, ọ̀rọ̀ blíìṣì

Onígun mẹ́ta òfìfo gba blíìṣì gbogbo. Èyí tí ó ní ìlà méjì dídà nínú kò gba blíìṣì tí ó ní chlorine, irú èyí tí ó wà nínú Hypo àti JIK; ti oxygen nìkan ni ó gbà. Èyí tí wọ́n fi ìlà dábùú kò gba ìkankan. Aṣọ funfun ni ó ń tan ènìyàn jẹ níhìn-ín: a rò pé funfun ni, Hypo kò lè ṣe é ní nǹkan, ṣùgbọ́n sílíkì funfun àti irun àgùntàn funfun yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọn yóò sì jẹra. Ẹ má sì po blíìṣì mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, fíníkà tàbí oògùn ìfọ-ilé mìíràn láé, nítorí afẹ́fẹ́ olóró ni yóò tú jáde.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tọ́: ẹ kán ẹ̀kán blíìṣì kan tí ẹ ti fi omi là sí inú ojú ìrán, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí àwọ̀ ibẹ̀ bá yàtọ̀, ẹ gbé blíìṣì kúrò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Onígun mẹ́rin, bí ẹ ó ṣe gbẹ ẹ́

Òbìrìkìtì nínú onígun mẹ́rin jẹ́ ti ẹ̀rọ ìgbẹṣọ. Àmì tótó kan jẹ́ ooru díẹ̀, méjì jẹ́ ooru tí a máa ń lò. Èyí tí ó kàn wá jù ni àwọn ìlà. Ìlà òòró kan ń sọ pé kí ẹ sá a sórí okùn. Òòró méjì ń sọ pé kí ẹ sá a láìfún un, kí omi máa kán lára rẹ̀. Ìlà ìbú ń sọ pé kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, nítorí ìwúwo omi lè fa súẹ́tà gùn bí ó bá wà lórí okùn. Bí ẹ bá rí ìlà dídà ní igun òkè lápá òsì, abẹ́ ibòji ni kí ẹ sá a sí. Oòrùn ọ̀sán wa le. Èmi a máa sá gbogbo aṣọ aláwọ̀ dúdú sí ibòji, kí inú wọn sì wà níta, bí lébẹ́ẹ̀lì kò tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tọ́: ẹ fọwọ́ kan ojú ìrán àti abẹ́ kọ́là, nítorí àwọn ni ó ń gbẹ kẹ́yìn. Aṣọ tí ibẹ̀ ṣì tutù ni ó ń rùn nínú àpótí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Áyọ́ọ̀nù

Àmì tótó kan jẹ́ nǹkan bí 110, fún náílọ́ọ̀nù àti acrylic. Méjì jẹ́ nǹkan bí 150, fún irun àgùntàn, sílíkì àti ọ̀pọ̀ pólíẹ́sítà. Mẹ́ta jẹ́ nǹkan bí 200, fún òwú àti línẹ́ẹ̀nì. Àmì tótó kan náà ni ó wà lára bọ́tìnnì áyọ́ọ̀nù iná, ẹ kàn máa mú wọn dọ́gba. Áyọ́ọ̀nù eléèédú kò ní ohun tí ń ṣọ́ ooru rẹ̀, nítorí náà ẹ má gbé e lé aṣọ onítótó kan tàbí méjì láìtẹ́ aṣọ òwú tí ó tutù díẹ̀ sáàárín.

Aṣọ tí ó gba ooru díẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ̀, kí ẹ tó máa gòkè sí ti òwú. Ọ̀pọ̀ ń ṣe é ní òdìkejì, wọ́n dín bọ́tìnnì kù, wọn kò sì dúró kí irin náà tutù; ibẹ̀ ni búláùsì ti ń lẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tọ́: ẹ fi ẹnu áyọ́ọ̀nù kan etí inú aṣọ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá fẹ́ lẹ̀, tàbí tí ibẹ̀ ń dán, ooru ti pọ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ keje: Òbìrìkìtì

Lẹ́tà inú òbìrìkìtì kì í ṣe tiyín, ti alágbàfọ̀ ni. Ó ń sọ irú oògùn tí yóò fi fọ̀ ọ́ láìlo omi, ṣùgbọ́n W jẹ́ ìfọ̀ olómi lọ́wọ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Iṣẹ́ tiyín ni láti fi lébẹ́ẹ̀lì náà hàn án kí ẹ sì béèrè bóyá ó ní ẹ̀rọ tí ń fọ̀ láìlo omi, nítorí kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí ó kọ ọ́ sí ojú pátákó ni ó ní in. Bí ọpọ́n omi bá ní ìlà dábùú tí òbìrìkìtì sì ní P tàbí F, ẹ má dán an wò nílé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Aṣọ tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú aṣọ tí a ń wọ̀ lọ sí òde kò ní lébẹ́ẹ̀lì rárá, nítorí ọwọ́ télọ̀ ni ó ti wá. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sí etí àǹkárá máa ń sọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é, kì í sábà sọ ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ ó ṣe lébẹ́ẹ̀lì náà fúnra yín, kí ó sì tó kúrò lọ́wọ́ télọ̀ ni ó dára jù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó jẹ́. Ẹ fa òwú díẹ̀ yọ láti ojú ìrán inú tàbí lára àgékù, kí ẹ fi ẹ̀mú mú un lókè àwo omi, kí ẹ sì fi iná àbẹ́là kàn án. Òwú yóò jó bí ìwé, òórùn ìwé jíjó ni yóò sì ní, pẹ̀lú eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Sílíkì àti irun àgùntàn yóò rùn bí irun orí tí iná rà, ìṣẹ́kù wọn yóò sì fọ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Pólíẹ́sítà yóò yọ́, yóò sì di kókó líle tí kò ṣeé fọ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án títí yóò fi tutù. Àǹkárá olówó pọ́ọ́kú púpọ̀ ni àyẹ̀wò yìí ń tú àṣírí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán àwọ̀ rẹ̀ wò: ẹ rin igun inú kan, kí ẹ tẹ àkísà funfun mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí àwọ̀ bá mọ́ àkísà, òun nìkan ni kí ẹ máa fọ̀. Àdìrẹ aláró ẹ̀lú yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa mọ́ ọn ní gbogbo ìgbà. Omi tútù àti ibòji ni tirẹ̀. Aṣọ òkè tí ó ní òwú dídán nínú kò fẹ́ rírẹ sínú omi rárá: ẹ máa fẹ́ ẹ sí atẹ́gùn lẹ́yìn òde, ẹ nu ibi tí ó dọ̀tí, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn pẹ̀lú ooru tótó kan, kí aṣọ mìíràn wà láàárín. Ìtọ́jú léèsì olókùúta ń tẹ̀lé òkúta rẹ̀ àti gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, kì í ṣe léèsì náà.

Ẹ gé ríbọ́ọ̀nù òwú tí ó gùn tó ìka kan, kí ẹ ya àwọn àmì márùn-ún sí i pẹ̀lú ohun tí ẹ ti rí, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì rán an mọ́ ojú ìrán ẹ̀gbẹ́ òsì. Kí ẹ tó rán an, ẹ fi ọṣẹ fọ àgékù kan tí ẹ fi máákà kan náà kọ. Bí yíyà náà bá ṣì hàn ketekete nígbà tí ó bá gbẹ, ẹ lè rán èyí tó kù mọ́ aṣọ.